Morìnsọ́lá Tó Ń Ra Ẹja Dà Padà Sínú Ọ̀sà

Tí ẹ bá dé etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ tí ẹ dárúkọ olóògbé Morìnsọ́lá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ra àrọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Lọ́dún 1952 ni. Ẹja yíyan ni Morìnsọ́lá ń tà ní Ìkòròdú, ọwọ́ Kúlúsúmù ará Ẹ̀pẹ́ ló sì ti ń ra ẹja tútù láti ìgbà ọmọge àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ yẹn, Kúlúsúmù gbé báàfù àrọ̀ kan síwájú ẹ̀, àwọn ẹja náà ṣì ń jà nínú omi. Morìnsọ́lá ná an títí oòrùn fi kúrò lórí wọn. Ó ní àwọn àrọ̀ náà rù, ó ní ojú wọn ò dára, ó ní èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn ń ṣe bí aláìsàn. Ó dìde, ó lọ, ó tún padà wá. Nígbà tí Kúlúsúmù fi máa gbà, ohùn ẹ̀ ti há.

Morìnsọ́lá sanwó, ó gbé báàfù, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ó sì da gbogbo àrọ̀ náà padà sínú ọ̀sà.

"Ìyá Ìkòròdú, kí lo ṣe yẹn?" ni Kúlúsúmù bi í.

"Mo dá wọn sílẹ̀ ni."

"Nígbà tó o ti mọ̀ pé o máa dá wọn sílẹ̀, kí ló dé tó o fi ná mi bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀mí mi?"

"Pé mo fẹ́ dá wọn sílẹ̀ kò sọ wọ́n di ẹja ńlá," ni Morìnsọ́lá wí.

Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Tìrìmísíyù, ọkọ Kúlúsúmù, tó jẹ́ apẹja, gbọ́ sí i, ó sì lọ dẹ àwọ̀n sí ìsàlẹ̀ ibi tí obìnrin náà ti ń da ẹja. Nígbà tí Morìnsọ́lá tún dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú báàfù, ó tẹjú mọ́ àrọ̀ kan tí irùngbọ̀n ẹ̀ kan ti gé. "Kúlúsúmù," ó ní, "mo mọ eléyìí." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. Ó ní kí wọ́n dín owó ẹja kù fún òun, torí àlòkù ni.

Adélàjà, ọkọ Morìnsọ́lá, ló fà á, òun gan-an ò sì mọ̀. Káfíńtà ni Adélàjà ní Ìkòròdú, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ jà ní Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Ìtàn Bọ́mà ló fi máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín: bí àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà níbẹ̀ ṣe ń fá orí, tí wọ́n ń wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, tí wọn kì í pa ohun ẹlẹ́mìí, tí wọ́n á jókòó láràárọ̀ láìsọ̀rọ̀, tí wọ́n á máa ṣọ́ èémí ara wọn bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, Morìnsọ́lá náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀?" ó bi ọkọ ẹ̀.

"Níbo?"

"Nínú èémí yẹn."

"Morìn, ìtàn ni mò ń sọ," ni Adélàjà wí. "Mi ò ní kó o ṣe é."

Ọmọ kátíkíìsì ni Morìnsọ́lá. Ó mọ ìwé orin látorí, òun ni olórí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ohùn ẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò fi ń jí. Ìdí nìyẹn tí ọkàn àdúgbò ò fi balẹ̀ láàárọ̀ tó kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìnkùlé. Aládùúgbò kan wá béèrè bóyá ara ẹ̀ ò yá. Òmíràn gbé àgbo wá. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn ti ń sunkún bọ̀ látọ̀nà.

Ká sọ tòótọ́, ìjókòó náà kò mọ́ ọn lára. Á dijú, á mí sínú, á mí síta, lẹ́yìn náà á ké sí ọkọ ẹ̀ pé, "Sájẹ́ǹtì, ẹ fa igi lẹ́nu iná, ẹ̀wà ń jóná," láìlajú. Kò pa ẹ̀fọn mọ́. Tí ẹ̀fọn bá bà lé e, á rọra fi abẹ̀bẹ̀ darí ẹ̀ sọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀.

Òwò ẹja wá dìṣòro. Ó fi í sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kúlúsúmù lọ́jọ́ ọjà, fún àwọn tó bá ra ẹja. Ó ní ọwọ́ òun ti mọ́ báyìí. Kúlúsúmù wo ata, ó wo ẹja, ó ní, "Ìyá Ìkòròdú, a ṣì jọ pa á ni."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àlùfáà Fáṣínà. Ó wá sílé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó, kò sì fọwọ́ kan omi tí wọ́n gbé fún un.

"Ìyá Ìjọ, ṣé ẹ ti fi Jésù sílẹ̀ ni?"

"Rárá o, sà. Òun ni mo kọ́kọ́ bi kí n tó bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló wá sọ fún yín?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́, sà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í jẹ́ kó ráyè fèsì."

Àlùfáà gbé omi náà, ó mu ún tán.

Ìgbìmọ̀ ìjọ ní tiwọn ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Wọ́n gba ipò olórí ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì ní kó má sún mọ́ tábìlì Olúwa títí yóò fi tún inú rò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí ìjọ dìde lọ gba Ara Olúwa, òun nìkan ló ṣẹ́ kù lórí ìjókòó, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Adélàjà ti rìn dé ìdajì ọ̀nà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i, ó yí padà, ó sì lọ jókòó tì í.

Nígbà tí wọ́n délé, Adélàjà ní ohun kan wà tí òun ò sọ rí nípa Bọ́mà. Ibà dá òun dúbúlẹ̀ nínú igbó, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun sì ti lọ. Bàbá arúgbó kan nínú àwọn aláṣọ ọsàn rí òun, ó fa òun lọ sábẹ́ òrùlé, ó sì ń bu omi sí òun lẹ́nu títí ibà fi lọ. Kò bi òun pé ọmọ ogun ta ni òun.

"Kí ló sọ fún yín?" ni Morìnsọ́lá bi í.

"Mi ò gbọ́ èdè ẹ̀."

Morìnsọ́lá dákẹ́ pẹ́ títí, lọ́tẹ̀ yìí láìgbìyànjú. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí rí?"

"Kò pani lẹ́rìn-ín," ni Adélàjà wí.

Lọ́dún 1958, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Morìnsọ́lá, àìsàn náà ò sì pẹ́ kó tó mú un lọ. Àlùfáà Fáṣínà gbé Ara Olúwa wá bá a lórí ibùsùn láìbi ìgbìmọ̀ léèrè. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Kúlúsúmù kó àwọn ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ wá, gbogbo wọn wé ìborùn, wọ́n kún ìjókòó ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò mọ orin kankan, ṣùgbọ́n Àmín tiwọn ló ròkè jù.

Nígbà tí wọ́n ti itẹ́ òkú dé, àgbà ìjọ kan fà mọ́ Adélàjà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Inú ẹ̀sìn wo gan-an ni ìyàwó yín kú sí?"

Adélàjà fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde.

"Ó ṣì ń wò ó lọ́wọ́ ni," ó ní.

Kúlúsúmù, tó jókòó tì í, tú ìborùn ẹ̀, ó sì nà án sí i kó fi nu ojú.