Ẹyẹ Tó Bọ́ Ẹ̀wù Sílẹ̀

Àárẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, kí àṣìṣe tó tẹ̀lé e.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí bàbá ọlọ́sìn ẹja kan ti mọ̀ pé a kì í da omi sí adágún ọmọ ẹja àfi bí dídé wọn bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún ń ro ó. Ó ní kí òun kúkú pọn omi náà kún nígbà tí ara ṣì gbà, kí òun sì sinmi.

Omi dúró. Lámilámi ń fò wá, wọ́n ń tẹ ìdí bọ omi. Bàbá mọ̀ pé ẹyin ni wọ́n ń yé. Ó yẹ kó da omi náà nù. Kò dìde.

Ọmọ ẹja dé, bàbá kó wọn sínú adágún náà. Àwọn nìkan ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ní láti sìn lọ́dún náà. Kò pẹ́ tí ọmọ ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bàbá ní ẹyẹ ló ń kó wọn jẹ. Ó ta àwọ̀n bo adágún, wọ́n ṣì ń dín.

Ní òwúrọ̀ kan, ìyàwó rẹ̀ já koríko kan létí omi. Àwọ̀ gbígbẹ kòkòrò kan lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti là.

“Bàbá wọn, ẹyẹ yín ti bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ o.”

Bàbá gba koríko náà wò. Lámilámi kan ti gòkè, ó ti bọ́ àwọ̀, ó ti fò lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò tíì hu ìyẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀ omi, wọ́n ń jẹ ọmọ ẹja. Bàbá dìde láti lọ gbẹ adágún.

“Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la,” ni ìyàwó wí. “Ẹsẹ̀ yín wú.”

“Kó tó di ọ̀la, wọ́n á tún ti jẹun.”

Wọ́n ṣí ojú ìṣàn kí omi adágún lè fà. Bàbá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fi asẹ́ gbọ́n ọmọ ẹja sínú garawa. Ọmọ lámilámi kún asẹ́, àwọ̀ wọn bí ẹrẹ̀. Ọ̀kan ti na ètè ìsàlẹ̀ jáde bí apá, ó fi gbá ọmọ ẹja nírù mú.

“Ó jọ yín,” ni ìyàwó wí. “Ó lúgọ sójú kan, ó ń dúró kí oúnjẹ kọjá.”

“Tèmi kì í kọjá. Ìwọ lò ń gbé e wá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá da àwọn apẹja inú asẹ́ náà sódò ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀, wọ́n á rí ọmọ ẹ̀fọn jẹ, ẹja ńlá á sì rí wọn jẹ.

Ọmọ ẹja tó kù kò tó ìdajì. Bàbá jókòó ti garawa, kò lè dìde mọ́. Lámilámi kan fò dé, ó tẹ ìdí bọ omi inú garawa.

Ìyàwó rẹ̀ tú ìborùn, ó fi bo garawa, ó sì jókòó tì í.