Ilẹ̀pa Tí Mùílíù Dà Sábẹ́ Ilé Yìnyín

Bí irọ́ bá wà nínú èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọn alákọ̀wé kò kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ara mi ní ìwé ni mo kọ ọ́.

Mùílíù ọmọ Ṣakété ni mọlémọlé tó mọ ilẹ̀ lù jù lọ ní Kútọnu. Ilẹ̀ tó bá lù, bí èèrà bá gùn ún, yíyọ̀ ni yóò yọ̀ ṣubú. Lọ́dún kejì òmìnira Dàhòmì, àwọn ẹlẹ́ja kan ń kọ́ ilé yìnyín sí etí òkun, níbi tí ẹja yóò ti máa dì bí òkúta. Adélékan, ará Pobè, ni ọ̀gá òṣìṣẹ́. Ó ṣèlérí pé bí ilẹ̀ ilé náà bá dára, Mùílíù ni yóò di olórí mọlémọlé ibẹ̀, yóò sì lè kó Sàrátù ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wá láti Ṣakété. Ohun tí Mùílíù ń lé nìyẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń dá sùn lórí ẹní ẹlẹ́ní.

Àṣẹ kan ni òyìnbó tó ya àwòrán ilé náà pa: iyanrìn etí òkun Fidjrossè tí wọ́n fọ̀ mọ́ nìkan ni kí wọ́n dà sábẹ́. Mùílíù rẹ́rìn-ín. Ta ló ń lu ilẹ̀ láìsí ilẹ̀pa ní Ṣakété? Iyanrìn lásán kì í dì mọ́ra. Nígbà tí Adélékan lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Pobè, Mùílíù ní kí wọ́n kó ilẹ̀pa wá láti Godomey. Ó pò ó mọ́ iyanrìn, ó lù ú títí ó fi ń dún bí irin, ó da kọnkéré lé e. Gbogbo ayé yìn ín. Ó ránṣẹ́ sí Sàrátù pé kó máa di ẹrù.

Wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé náà tutù. Oṣù díẹ̀ kọjá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ikùn aboyún ìbejì. Ó gbé àpótí ẹja dé àjà. Kọnkéré là, ariwo rẹ̀ dé Abomey-Calavi. Ilẹ̀kùn kò tì mọ́, ooru wọlé, ẹja tí Nimotallahi, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ja náà, kó síbẹ̀ de ọdún Iléyá sì jẹrà pátá.

Òyìnbó gbẹ́ abẹ́ kọnkéré, ó bá yìnyín ní ìpele-ìpele nínú ilẹ̀ pupa. Adélékan gbọ́ àlàyé tó ṣe, ó yíjú sí Mùílíù.

"Mùílíù, kí lo dà síbẹ̀?"

"Ohun tí bàbá mi ń dà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé bàbá rẹ kọ́ ilé yìnyín rí ni? Ilẹ̀pa kúnná jù. Bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo ló ń fa omi láti ìsàlẹ̀, ní Kútọnu yìí tí a kì í gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún kí omi tó yọ. Òtútù ilé sọ omi ọ̀hún di yìnyín, yìnyín tún fa omi mìíràn, wọ́n jọ ń gbé ilé. Iyanrìn tó mọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Mùílíù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun tún un ṣe. Adélékan ní kò sóhun tó kù láti tún ṣe, wíwó ni wọn yóò wó o. "Máa lọ sílé, àbúrò. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rí ọ níbí mọ́."

Ilé wo? Ojú wo ni yóò fi wo Ṣakété? Sàrátù dúró ti ẹrù dídì títí, nígbà tó yá, ó tú u. Ní Kútọnu, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí Mùílíù lu ilẹ̀ mọ́, àní ilẹ̀ ilé adìyẹ. Iyanrìn ló ń wà ní Fidjrossè fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í sì í kí i. Ibẹ̀ ló kú sí. Sàrátù kò fojú kàn án mọ́.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ sí Godomey, kó béèrè Nimotallahi ẹlẹ́ja. Ó ṣì wà láàyè, ojú rẹ̀ ló ṣe.