Àgbàrá Ojúde Màmá Táyé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, nínú oṣù Òkúdù, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Òjò tó bẹ̀rẹ̀ lóru ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni; ojú ọ̀run ṣì ṣú díẹ̀, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́. Mo jáde nílé wa ní Sábó, Ṣàgámù, pẹ̀lú agbòjò kan àti obì àbàtà, lára èyí tí mò ń tà, tí mo fi ewé wé dáadáa fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Táyé, tí wọ́n ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Ìpẹ̀rú. Iṣẹ́ tí ẹbí rán mi ni pé kí n kó Màmá wá sí Ṣàgámù. Àgbàrá ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ lójúde wọn, kò sì ní pẹ́ dé ibi sàréè ọkọ wọn. Màmá ti ránṣẹ́ ṣáájú pé àwọn kò ní fi ọkọ àwọn sílẹ̀ fún àgbàrá.

Lọ́dọ̀ wa, àgbàlagbà ni a máa ń fún ní iwájú mótò. Awakọ̀ tí mo bá pàdé gbé agbọ̀n tòmátì síbẹ̀, ó ní ẹni tó kọ́kọ́ sanwó ni àgbà. Ọ̀nà náà kún fún kòtò. Awakọ̀ náà kígbe sí mi pé:

"Àǹtí, ẹ di nǹkan mú o! Kòtò tó wà níwájú yìí, ó ti dàgbà ju àbúrò mi lọ."

Mo bi í bóyá omi òjò ló gbẹ́ ẹ.

"Omi kẹ̀? Omi tó rọ̀ báyìí? Ọkọ̀ àwọn oníyanrìn ni o!"

Wọ́n ti kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ tí mò ń lọ pé omi nìkan kọ́ ló ń gbẹ́ òkúta. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ń gbé ni ọkọ́ rẹ̀, eré tó ń sá sì ni ipá apá rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í bá ènìyàn jiyàn lórí ohun tí n kò tíì fojú ara mi rí. Mo di agbòjò mi mú.

Láti Ìpẹ̀rú, mo gun ọ̀kadà dé etí odò kékeré kan, ọlọ́kadà sì ní òun kò lè sọdá. Mo bọ́ bàtà. Lórí yangí, òkúta pupa tó wà nísàlẹ̀ odò náà, mo rí ihò róbótó kan tí inú rẹ̀ dán bí inú odó. Òkúta wẹ́wẹ́ ń yí po nínú rẹ̀ bí omi ti ń ti wọ́n, wọ́n sì ń lọ ara wọn àti yangí náà. Nísàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí odò ti fẹ̀ tí koríko sì pọ̀, omi náà ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán, ó sì ti sọ gbogbo iyanrìn rẹ̀ kalẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ojúde Màmá dán bí àwo. Nígbà ìsìnkú Bàbá ni Táyé àti àwọn ọmọ yòókù fi sìmẹ́ńtì dán an láti ẹnu ọ̀nà dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí àga àlejò má baà rì sínú ẹrẹ̀. Ní Rẹ́mọ, ẹni tí àlejò ìsìnkú bàbá rẹ̀ bá jókòó sínú ẹrẹ̀ yóò máa gbọ́ ọ títí. Ní etí sìmẹ́ńtì náà ni kòtò ti lanu, nítòsí sàréè.

"Màmá, ṣé kòtò yìí ti wà kí ẹ tó sin Bàbá?"

"Rárá o. Koríko ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ mi ti ń jẹ."

"Sìmẹ́ńtì yìí ló ń mú omi sáré, Màmá. Ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ."

"Ká fọ́ kí ni? Kí wọ́n lè sọ pé orí mi dàrú lẹ́yìn ọkọ mi? Ṣé bí wọ́n ṣe ń wó ilé onílé ni wọ́n ń kọ́ ọ lálẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bu iyanrìn sórí sìmẹ́ńtì, mo da omi lé e. Gbogbo rẹ̀ sáré wọ kòtò. Mo bu òmíràn sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo da omi lé e. Iyanrìn náà kò kúrò lójú kan.

"Tún un dà," ni Màmá wí.

Mo tún un dà. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbà mí! Nítorí àga àlejò la ṣe fẹ́ gbé Bàbá Táyé fún àgbàrá? Pe Táyé fún mi. Èmi ni n ó sọ fún un. Bí ìwọ bá sọ ọ́, yóò ní ò ń jowú sìmẹ́ńtì òun."

Mo sọ fún Màmá pé n kò lè búra pé kòtò náà yóò dúró bí a bá fọ́ sìmẹ́ńtì.

"Bí kò bá dúró títí òjò àrọ̀kúrò," ni wọ́n wí, "n ó tẹ̀lé ọ lọ sí Sábó, n ó máa bá ọ ṣa obì."

Mo padà dé Ṣàgámù ní ìrọ̀lẹ́ láìmú Màmá dání. Àwọn ẹbí béèrè ohun tí mo lọ ṣe. Mo ní àwọn àgbà máa ń sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Ní ti wa, àwa onílé la dán ọ̀nà fún un.

Táyé wá fọ́ sìmẹ́ńtì náà kí oṣù tó parí. Ó to yangí sí ẹnu kòtò, ó sì gbin koríko sí ojúde. Òjò àrọ̀kúrò rọ̀, kòtò náà kò sì sún mọ́ sàréè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá ṣì ń gbé nílé ọkọ wọn.