Àmín Tí A Ṣe sí Ọ̀rọ̀ Ààtàn

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí ni ọ̀pọ̀ wa ń lò ní Yàbá, owó ìpè sì wọ́n débi pé a máa ń fíláàṣì ara wa ni, ẹni tó bá ní owó ló máa pe èkejì padà. Ìjọba alágbádá ti padà dé. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀, gbogbo ara ògiri láti Ojúẹlẹ́gbà dé Mùṣín sì kún fún àwòrán àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ọdún kẹta mi nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Kọ́mírédì Rísí ni wọ́n ń pè mí, orúkọ tí ìyá mi kò fẹ́ràn rárá.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wá bá mi lóṣù tó kọjá ni mò ń kọ èyí fún. Ẹ ní ẹ fẹ́ pe àwọn olùdíje wá síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n máa ṣe sí ìdọ̀tí, àgbàrá àti èéfín. Ẹ ní kí n gbà yín nímọ̀ràn. Inú mi dùn, ẹ ṣeun. Àmọ́ ó rẹ̀ mí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ mú kó rẹ̀ mí o. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni, torí mo ti bi wọ́n rí.

Ilé alájà méjì kan nítòsí ojú irin ni họ́sítẹ́lì wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ààtàn wà. Àwọn ará àdúgbò ń dalẹ̀ síbẹ̀, àwọn ará ọjà ń dalẹ̀ síbẹ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà ń dalẹ̀ síbẹ̀, ẹ má jẹ́ n purọ́. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ bọ́lá tó ń ṣa irin á kó wáyà àti táyà jọ, wọ́n á dáná sun ún kí wọ́n lè rí kọ́pà inú wáyà yọ tà. Èéfín yẹn kì í ṣe èéfín igi. Ó dúdú, ó ń korò lẹ́nu, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tí a bá sá.

Èmi àti Bùsáyọ̀ la jọ ń gbé yàrá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè fi gàrí àti ẹ̀pà ṣe àlejò títí àlejò á fi gbàgbé pé gàrí lòun mu. Ikọ́ fée ló ń ṣe é láti kékeré. Nílé wọn, ó lè pẹ́ gan-an kó tó yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ní Yàbá ó di ojoojúmọ́. Tí èéfín bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, màá máa gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń súfèé. Ìnhélà tó máa ń fín sẹ́nu kì í kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un lójú mi pé, “Tí èéfín yìí ò bá kúrò níbẹ̀, ìwọ ni o máa kúrò.” Kó lọ síbo? Yàrá míì tí agbára bàbá rẹ̀ ká kò sí. Ohun tó gbé mi wọ ìjà náà nìyẹn. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ àyíká. Èmi, èémí Bùsáyọ̀ ni mò ń sọ, kó lè parí ìwé tó wá kà.

Àwa ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pe olùdíje mẹ́ta tó fẹ́ ṣe alága, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbà láti wá. A ta kánópì síwájú họ́sítẹ́lì, a wá máìkì. A ti fẹnu kò pé ìbéèrè kan ṣoṣo la máa bi olúkúlùkù wọn, kó má baà sí àyè àti sá.

Alhájì kan tó ti ṣe kánsẹ́lọ̀ rí ló kọ́kọ́ dé. Èèyàn dáadáa ni o, mi ò ní bà wọ́n jẹ́. Wọ́n kí wa, wọ́n bi wá bóyá a ti jẹun. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gba máìkì.

“Ẹ ṣeun tí ẹ wá, sà. Tí ẹ bá wọlé, kí lẹ máa ṣe sí ààtàn tí wọ́n ń sun lẹ́yìn ilé wa?”

Alhájì tún fìlà wọn dé. “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dìde.”

Gbogbo wa dìde. Ta ló máa jókòó?

“Èéfín ayé ò ní wọ̀ yín lójú.”

“Àmín!”

“Ẹ ò ní fi àìsàn kàwé.”

“Àmín!”

“Owó tí òbí yín ń ná lé yín lórí, wọn ò ní fi sunkún. Ẹ̀yin lẹ máa sin wọ́n, wọn ò ní sin yín.”

“Àmín o! Àṣẹ!”

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí àdúrà bá bọ́ sẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n gbà. Mùsùlùmí ń ṣe é, Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe é, àwọn kan ti ń fọwọ́ gbá orí. Èmi náà ṣe é. Nígbà tí Alhájì fi máa ní “Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ara wa bá”, àtẹ́wọ́ ti gba gbogbo ibẹ̀ kan. Wọ́n sì jókòó.

Máìkì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Àdúrà yín á gbà, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn o. Ààtàn ńkọ́?”

Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀lé wọn wá bú sí mi: “Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé ṣá? Àgbàlagbà ń ṣàdúrà fún ẹ, ò ń pe ààtàn!” Ni wọ́n bá fi mí rẹ́rìn-ín. Mo tún gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: “Rísí, jókòó jàre. Má dójú tì wá.” Bùsáyọ̀ ni. Omi ti lé ròrò sí i lójú, kì í sì í ṣe omi èéfín.

Ẹnjiníà tó ṣe ìkejì gbọ́n ju ìyẹn lọ. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n la ẹnu. Àdúrà ló fi wọlé, orin ló fi tẹ̀ lé e, àdúrà ló fi jáde.

Ìkẹta ni obìnrin nọ́ọ̀sì kan, ará àdúgbò Àgùdà, tó ti fẹ̀yìn tì. Bó ṣe gba máìkì báyìí, àwọn èèyàn ti ń dìde fúnra wọn.

“Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní. “Ẹ jẹ́ n dáhùn ná. Mi ò lè kó ààtàn yẹn kúrò. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó bá ní òun á kó o lọ́la ń tàn yín ni. Ohun tí agbára mi ká ni pé kí n fòfin de iná dídá níbẹ̀, kí n fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ọkọ̀ tó ń kólẹ̀ sì máa wá déédéé. Àwọn tó ń sun wáyà náà, ọmọ èèyàn ni wọ́n. Màá bá wọn wá ibi tí wọ́n á ti máa fi ọ̀bẹ bó o dípò kí wọ́n sun ún.”

“Ìyẹn nìkan?” ẹnì kan kígbe.

“Ìyẹn nìkan.”

“Màmá, àdúrà ńkọ́?”

Ó wo ẹni yẹn. “Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbàdúrà fún mi. Èmi ni mo wá iṣẹ́ wá.”

Èmi àti àwọn bíi mélòó kan pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù pòṣé. Wọ́n ní agbéraga ni. Wọ́n ní abájọ, nọ́ọ̀sì ni, bí wọ́n ṣe máa ń dáni lóhùn nílé ìwòsàn náà nìyẹn.

A padà sí yàrá, inú ń bí mi. Mo ní, “Bùsáyọ̀, torí ẹ ni mo ṣe ń ṣe gbogbo èyí o. Nọ́ọ̀sì nìkan ló dáhùn.”

“Ó dáhùn pé òun ò lè kó o. Ṣé ìyẹn ni màá máa fi mí?” Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. “Rísí, ìwọ tí àyà ẹ le lo lè máa fojú yẹpẹrẹ wo àdúrà. Alhájì ní mi ò ní fi àìsàn kàwé. Látọjọ́ tí mo ti dé Èkó yìí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí?”

Mo dìde, mo lọ ti fèrèsé kí èéfín má baà wọlé.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ilé wa ní Mùṣín. Ìyá mi, tó ń rán aṣọ àwọn ọmọ iléèwé, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà maṣíìnì nígbà tó rí mi.

“Rísíkátù, wọ́n ní Alhájì gbàdúrà, o ò ṣe àmín?”

“Mo ṣe àmín, Màámi. Mo kàn tún bi wọ́n léèrè ni.”

“Lẹ́yìn àmín, kí ló tún kù téèyàn ń béèrè?”

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ yẹn dáadáa. Èmi kì í ṣe ọ̀tá àdúrà, mò ń kírun mi. Àmọ́ láàárín àwa Yorùbá, àmín ló ń pa ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tó bá ti ṣe é ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti dọwọ́ Ọlọ́run, ẹni tó bá sì tún béèrè lẹ́yìn rẹ̀ ti di aláìgbàgbọ́, ó di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olóṣèlú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwa lọ. Ọlọ́run kọ́ ló sì ń gba owó ìjọba ìbílẹ̀!

Àwọn tó ń retí kí n sọ pé wọ́n jí ìbò gbé, wọn ò jí i. Mo dúró ti àgọ́ ìdìbò wa títí wọ́n fi kà á tán lójú mi. Alhájì ló wọlé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ la sì dìbò fún wọn jù. Ká ní wọ́n jí i ni, ìbá sàn fún mi, ǹ bá mọ ẹni tí màá bá jà. Bùsáyọ̀ sọ fún mi pé Alhájì lòun náà tẹ̀ka fún, kò sì fi bò.

A lọ bá wọn ní ọ́fíìsì lẹ́yìn tí wọ́n gorí àlééfà. Wọ́n fún wa ní mínírà mu. Wọ́n gbàdúrà fún wa. A ṣe àmín, a sì wá ọ̀nà ilé lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, èéfín náà kò rí ibi gbà lọ mọ́, ó kàn dúró sínú yàrá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bùsáyọ̀ fín ìnhélà títí, kò ṣiṣẹ́. Àwọ̀ ètè rẹ̀ yí padà. Èmi àti ọmọbìnrin yàrá kejì la gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè. Ọlọ́run yọ ọ́. Bàbá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó wo ààtàn náà láti ojú fèrèsé wa, ó ní, “Ìwé ò tó ẹ̀mí.” Ó kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Ọdún tó yẹ kó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni wọ́n fà á fún ọkọ.

Kí la rí gbà? Ẹgbẹ́ wa ṣe òfin kan pé olùdíje gbọ́dọ̀ dáhùn tán kó tó ṣàdúrà. Wọ́n bú wa, a ò yí i padà. Alága kan tó jẹ lẹ́yìn Alhájì fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀, bí nọ́ọ̀sì ṣe wí gẹ́lẹ́, èéfín sì lọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó kúrò lórí oyè, ẹ̀ṣọ́ náà kúrò. Nọ́ọ̀sì kò tún díje mọ́. Mo pàdé rẹ̀ ní Àgùdà nígbà kan, mo fẹ́ tọrọ àforíjì lórúkọ gbogbo wa, ó ní kí n má wulẹ̀ ṣèyọnu. Tíṣà ni mí báyìí, mo wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, mo ti rìn sẹ́yìn àsíá lọ́pọ̀ ìgbà títí orúnkún mi fi ń dùn mí. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Mo mọ̀. Àmọ́ èékánná náà máa ń rẹ̀ ẹ́.

Bùsáyọ̀ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aṣọ ló ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rín rẹ̀ kò yí padà. Ó ní àkọ́bí òun obìnrin ti rí ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ wa, họ́sítẹ́lì wa yẹn náà sì ni wọ́n rí yàrá sí, torí òun ni owó rẹ̀ kò ga. Mo kí i kú oríire.

“Rísí, ṣé wọ́n ti kó ààtàn yẹn?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Wọ́n ṣì ń sun ún?”

“Wọ́n ṣì ń sun ún.”

“Àyà ọmọ náà rí bíi tèmi,” ó ní.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa kó ẹrù rẹ̀ dé.