Òjò Tema Tó Rọ̀ Sórí Ọṣẹ Ìyá Mi

Kò sí ẹni tó máa kí bàbá mi tí kò ní dáhùn. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo wà ní kékeré ní Accra, gbogbo ilé wa ló máa ń kí obìnrin tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí nínú tẹlifíṣàn. Bó bá ti kí àwọn òǹwòran káalẹ́, bàbá mi á gbé ìdí sókè díẹ̀ lórí àga, á ní, "Ẹ káalẹ́ o." Àwa ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Bó bá sọ pé ooru máa mú ní Tamale, a máa kí i kú ooru. Bó bá sọ pé ìjì ń jà lórí òkun, ó di ẹ kú ewu. Ìyá mi nìkan ni kì í dá sí i. Ó ní òun kì í kí ẹni tí ò lè rí òun.

Ṣùgbọ́n ẹni téèyàn ń kí lójoojúmọ́ ti di ará ilé nìyẹn, bàbá mi ò sì gbà pé ará ilé òun lè ṣi òun lọ́nà.

Lọ́dún kan, páànù ilé wa jẹrà. Bàbá mi, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Abossey Okai, ra páànù tuntun, ó ku kó dá ọjọ́ fáwọn káfíńtà. Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá mi, tó ń ta ọṣẹ ní Okaishie, kó ọjà dé láti Tema, ìlú èbúté tó wà nítòsí wa: ọṣẹ gbọọrọ, ọṣẹ oníyẹ̀fun, páálí lórí páálí títí dé àjà yàrá. Gbogbo owó tó ní láyé ló wà níbẹ̀. Ó bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ tà á. Bàbá mi ní kó fọkàn balẹ̀, ká jọ gbọ́ ohun tí obìnrin wa máa sọ. "Obìnrin wa" ló pè é. Ìyá mi wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

Lálẹ́, obìnrin náà tọ́ka sí àwòrán ilẹ̀ Ghana. Ó ní ìjì máa jà lókè lọ́hùn-ún, ìjì ńlá kan wà lórí òkun àmọ́ kò kọjú sí wa, òjò díẹ̀ lè ta sí apá Tema, oòrùn ló máa mú ní Accra. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe àwọn káfíńtà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣí òrùlé tán, wọ́n lọ jẹ kẹ́ńkẹ́, ni ojú ọ̀run bá ṣú. Ìyá mi sáré dé láti ọjà, ó ní ká bá òun wá tapólì. Bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ká má ṣèyọnu, òjò Tema ni. Omi kán sí i lórí, ó ní òjò Tema náà ni, atẹ́gùn ló fẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Tema lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní oòrùn ń pa àwọn. Bàbá mi ní kó jáde lọ wò ó dáadáa.

Ibi tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jiyàn lórí fóònù ni ọṣẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìfófó gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó kún àgbàlá, ó já sí títì, ó mù mí dé orúnkún. Ọkọ̀ èrò trotro kan dúró gbagidi, awakọ̀ ò mọ ibi tí gọ́tà wà mọ́. Àwọn aládùúgbò kó aṣọ ìdọ̀tí jáde, wọ́n ń fọ̀ ọ́ lójú títì. Onílé wa, ìyá àgbà kan tó jẹ́ Ga, gbé gbogbo ìkòkò rẹ̀ wá fọ̀, ó ń ṣàdúrà fún àwọn Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo rí ìyá mi.

Ó jókòó sórí páálí kan tó ti rọ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu mi, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ó pe bàbá mi, kò pariwo.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n tajà mi ná. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Ṣé àfi kí n wọ inú tẹlifíṣàn yẹn kí ẹ tó gbọ́ tèmi?"

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, ó ń búra pé oòrùn ń ràn. Bàbá mi pa fóònù náà, ó kúnlẹ̀ sínú ìfófó níwájú gbogbo àdúgbò, ó ń bẹ ìyá mi. Ìyá mi na garawa kan sí i, ó ní kó máa kó ọṣẹ tó kù sínú rẹ̀.