Àwo Tí Mo Jókòó Lé

Láàárọ̀ àná, àwo kan bọ́ lọ́wọ́ Ìbùkún, ọmọ ọmọ mi, ní ilé ìdáná. Mo wà ní pálọ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dún, lẹ́yìn náà ilé dákẹ́, mo sì gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan tó ní, "Màmá, àwo ti fọ́." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, Ìbàdàn ló ti wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Ìkìrun níbí. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ti lé mi padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀wà dà sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú fóònù ni orin yín ń gbé. Nígbà tiwa, inú àwo ló ń gbé, àwo dúdú róbótó tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, tó sì máa ń fọ́ bí àwo ìjẹun. Orúkọ kan náà là ń pe méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì rò pé wàhálà kankan lè tibẹ̀ yọ. Bàbá mi ní giramafóònù kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Orí tábìlì kékeré ló wà ní yàrá rẹ̀, aṣọ funfun tí ìyá mi ṣe òdòdó sí létí ni wọ́n sì fi ń bò ó. Tísà ni bàbá mi. Òkukù ló ti ń kọ́ni, ibẹ̀ ló sì ń sùn láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdeè. Ọ̀sán Sátidé ni rélùwéè máa ń gbé e wálé. Gbogbo àdúgbò wa ló mọ̀ ọ́n mọ́ pàṣán rẹ̀. Bó bá ń kọjá lọ, àwọn ọmọ tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pàápàá a máa ti ẹ̀wù wọn bọ inú ṣòkòtò.

Nínú gbogbo àwo rẹ̀, ọ̀kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kúmásí ní Gáńà ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí Àjàyí, àbúrò bàbá mi, lọ ṣòwò, tó sì bá àwọn olórin kan kẹ́gbẹ́. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń lù lẹ́yìn wọn. Bí orin náà bá dé àárín, àwọn tó kù a dẹwọ́, ohùn rẹ̀ a sì yọ: "Bọ̀ọ̀dá mi Àkànní, mo kí yín o. Mò ń padà bọ̀ wálé." Kò padà wálé. Ibà ló pa á ní Kúmásí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, àwo yẹn nìkan ni ará ilé kan bá wa gbé bọ̀. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé wa. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá mi á gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á di ojú. Bí orin bá ti parí, á dá a padà sínú àpò bébà rẹ̀, á fi í sínú àpótí. Kì í ti àpótí náà ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rù tó ń bà wá ti tó kọ́kọ́rọ́.

Mo wà ní ìwé kẹrin nígbà náà, òmìnira kò tíì pẹ́ tí a gbà á. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń gbọ́ ohùn Bàbá Àjàyí, bí mo ṣe ń pe àbúrò bàbá mi yìí, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ nítòsí. Kí n má purọ́, mo tún rò ó pé tí mo bá fi etí lé ẹ̀rọ náà gan-an, ó lè sọ nǹkan mìíràn fún mi tí kì í sọ fún bàbá mi. Lọ́sàn-án Túsìdeè kan, ìyá mi wà ní ọjà, mo wọ yàrá lọ. Mo yọ àwo náà jáde, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọwọ́ tí wọ́n ń yí náà le, mo ní kí n jókòó kí n lè rí agbára yí i. Mo sì jókòó. Nǹkan kan dún lábẹ́ mi bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìṣáná.

Nígbà tí mo dìde, Bàbá Àjàyí ti di mẹ́ta.

Mi ò lè sunkún. Ohun tó ń lọ lọ́kàn mi ni pé ibà kọ́kọ́ pa á ní Kúmásí, èmi ló wá fi ìdí pa á ní Ìkìrun. Mo kó o sínú pínáfọ̀ ilé ìwé mi kan tó ti gbó, mo tún aṣọ bo ẹ̀rọ, mo dúró lójúde títí ìyá mi fi dé. Kó tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni mo sọ fún un: "Màámi, mo fọ́ àwo."

Ìyá mi kò tilẹ̀ wo ojú mi. "Ẹ ò ní jẹ́ kí n ní tánganran nílé yìí. Ó ti ṣe. Gbá a dànù kó má gún èèyàn lẹ́sẹ̀."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dárí jì mí, ìdáríjì náà sì dùn mọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ti àwo ìjẹun ni. Mi ò lè gbá Bàbá Àjàyí dànù. Mo gun òkè àjà níbi tá à ń kó àgbàdo sí, mo ti pínáfọ̀ náà sí ìsàlẹ̀ àgbàdo. Láti ọjọ́ náà, bí rélùwéè bá ti fọn fèrè, màá sá wọlé, ìbáà ṣe èyí tó ń lọ sókè tàbí èyí tó ń bọ̀ láti ibẹ̀. Mi ò rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé lọ́sẹ̀ yẹn.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ìyá mi ń kó àlùbọ́sà lọ sí ọjà Inisa, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó mú mi dání. Ẹnu yà á, nítorí mo kórìíra ọkọ̀ bọ́lẹ́kájà. Mo ti yọ ègé tí bébà pupa àárín àwo náà wà lára rẹ̀, tí wọ́n ya odídẹrẹ́ sí, mo fi í sábẹ́ ẹ̀wù. Bàbá arúgbó kan wà ní ìpẹ̀kun ọjà náà tó ń ta àlòkù: àtùpà tí kò ní gíláàsì, agogo tí kò rìn mọ́, àti àwọn àwo orin tí wọ́n tò jọ nínú páálí. Òun náà ti gbé Gáńà rí. Mo fi ègé náà hàn án.

"Ta ló fọ́ ọ?" ni ó bi mí.

Ibẹ̀ ni ẹkún tí mo ti ń wá láti Túsìdeè ti dé.

"Ó tó," ni bàbá náà wí. Ó ń wá inú páálí, ó ń wá, títí ó fi fa ọ̀kan yọ tí odídẹrẹ́ wà lára rẹ̀. "Mú un lọ, má fi omijé ba ọjà mi jẹ́." Kò mọ̀wé. Èmi mọ̀ ọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ nìkan ni mo rí. Kí bàbá mi tó dé, mo ti fi í sínú àpò bébà àwo tó fọ́, mo dá a padà sínú àpótí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi jẹun tán, ó nu ọwọ́, ó yí ẹ̀rọ. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá, kò sì sá. Abẹ́rẹ́ kan àwo, ó ha díẹ̀, obìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní èdè àwọn ará Gáńà.

Bàbá mi la ojú. Kò pa ẹ̀rọ náà. Ó jẹ́ kí obìnrin náà kọrin rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn òun.

"Kò sí nǹkan kan, Tísà," ni ìyá mi wí láti ìta. "Àfi àwo tí ọmọ yín fọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè, mo sì ní kó gbá a dànù." Mo gbọ́ tó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Tísà, àwo wo ni?"

Bàbá mi wò mí. "Ṣé o gbá a dànù?"

Ẹ̀rù ló mi orí mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ń retí pàṣán. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó dé, kó tán. Ṣùgbọ́n ó ní kí n wọlé, kí n jókòó, ó sì ṣòro fún mi láti jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. "Kí ni Bàbá Àjàyí máa ń sọ níbẹ̀?"

Mo sọ ọ́: "Bọ̀ọ̀dá mi Àkànní, mo kí yín o. Mò ń padà bọ̀ wálé."

Ó di ojú. "Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Láti ìgbà náà lọ, èmi àti bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo náà kiri. Bí ọjà bá bọ́ sí Sátidé, à ń lọ, Inisa, Ìkìrun, Òkukù nígbà ìsinmi, títí dé Igbaye pàápàá. Ó kọ́ mi láti gbé àwo sí oòrùn kí n fi wo ibi tó ti ha, kí n fi èékánná tọ ìlà rẹ̀. Nígbà tí àwọn àwo kéékèèké oníróbà tí kì í fọ́ dóde, a rà nínú wọn. A kó orin àwọn èèyàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn mọ́ jọ, páálí kún, a wá òmíràn. A kò rí ti Bàbá Àjàyí. Inú mi ń dùn láwọn Sátidé wọ̀nyẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí nínú ìdùnnú náà, nítorí mo mọ ohun tó wà lábẹ́ àgbàdo. Ó pé bí ọdún méjì kí n tó fi ìgboyà gun òkè àjà láti kó o wá fún un. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo gbà pé ìyá mi ti kó o dànù, mo sì tún pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ni wọ́n ní kí n tú àpótí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo rí pínáfọ̀ kan tó kéré débi pé mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé tèmi ni. Bàbá Àjàyí wà nínú rẹ̀, ègé méjèèjì tí mo fi sílẹ̀ lókè àjà. Gúlù ti gbẹ sí etí wọn, bàbá mi ti gbìyànjú láti lẹ̀ wọ́n. Ó ti mọ̀, mi ò mọ ọdún tó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì ń bá mi rin ọjà sí ọjà, ó ń dúró kí n sọ ọ́. Mo fi ègé tèmi, tí mo ti fi pa mọ́ láti ọjọ́ Inisa, tì í. Ó bára mu.

Àwọn páálí náà wà ní yàrá mi títí di òní, Ìbùkún sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní orin tó wà nínú fóònù òun ju gbogbo wọn lọ. Òótọ́ ni. Kò sì sẹ́ni tó lè jókòó lé e.

Mo ṣa ẹ̀wà kúrò lẹ́sẹ̀ mi láàárọ̀ àná. "Màmá," ni ọmọ náà tún pè, "ṣé kí n gbá a dànù?"

Mo ní kó má tíì gbá a. Mo dìde, mo di ògiri mú, mo lọ sí ilé ìdáná lọ wo èwo ló fọ́.