Bí Jẹ́jẹ́ Ṣe Gba Láísẹ́ǹsì Rẹ̀ Padà

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Jẹ́jẹ́ fi wa tírélà láìtẹ adìẹ kan pa. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí bí ọ̀nà ṣe wù kó dá páropáro tó, ọkùnrin náà kì í sáré. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló sì bi í, àfi ìgbà tí òfin tuntun dé pé awakọ̀ tírélà tí kò bá lè ka àmì ojú ọ̀nà, kó sì dá òṣìṣẹ́ ìrìnnà lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́bìnrin ìrìnnà kan dá a dúró, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun tó gbé. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ìwé ọkọ̀ sí i. Ó béèrè ibi tó ń lọ. Jẹ́jẹ́ tún rẹ́rìn-ín, ó na ìwé ìnṣọ́ráǹsì sí i. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìwé tán lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kò bú u. Ó gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, ó ní kí awakọ̀ mìíràn túmọ̀ fún un pé kó wá ṣe ìdánwò láàárín oṣù méjì, awakọ̀ yẹn náà ló sì bá a wa tírélà délé.

Nílé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ pé ó parí, ẹja gbígbẹ kò ṣeé ká. Ìyá ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá wọn gbé, yọ awò ojú rẹ̀.

“Ẹja gbígbẹ tí wọ́n bá rẹ sínú omi,” ni ó wí, “ṣé kì í rọ̀ ni?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ ti gbéyàwó, ilẹ̀ ló ń wò tó bá ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí màmá bá ti béèrè nǹkan, yóò dọ̀bálẹ̀ dípò kó dáhùn. Lọ́jọ́ kẹrin, màmá ní kí wọ́n gbé àkàbà wá. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin so gèlè rẹ̀ le, ó gun orí tírélà tó dúró síwájú ilé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

Ibẹ̀ ni ẹnu Jẹ́jẹ́ ti là. Bó ṣe di ọwọ́ ọkọ̀ mú báyìí, ọ̀rọ̀ ń wọlé. Màmá nàka sí bíréèkì, Jẹ́jẹ́ pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Màmá nàka sí díńgí, Jẹ́jẹ́ pè é. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó yóò wọ ẹ̀wù tó ń kọ mànà, tépù ìránṣọ lọ́rùn rẹ̀, yóò ṣe bí òṣìṣẹ́ ìrìnnà. Àwọn aládùúgbò ń gbé àga jáde wá wòran. Lọ́jọ́ kan, ó béèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ gbé. Jẹ́jẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán dá a lóhùn pé ìyá ìyàwó òun lòun gbé, ẹrù ẹlẹgẹ́ sì ni. Màmá rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àmì mẹ́fà ni wọ́n ní kó kà. Ó ka márùn-ún, ẹ̀kẹfà sá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dijú, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì jáde. Olùdánwò wá béèrè ohun tí yóò ṣe bí bíréèkì bá já níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó dé orí jíà, ó dé orí ẹrù tí wọn kò dì dáadáa, ó dé orí òjò àkọ́rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Olùdánwò gbé bírò sílẹ̀, ó fetí sílẹ̀.

“Bàbá, ó tó,” ni ó wí níkẹyìn. “Ẹ ti yege tipẹ́. Mo kàn ń kọ́ṣẹ́ ni.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí láísẹ́ǹsì ti padà sọ́wọ́ Jẹ́jẹ́, màmá di báàgì rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí àwọn àmì tí òun ń kọ́ èèyàn. Ó kà wọ́n sókè ní gbogbo ọ̀nà, Jẹ́jẹ́ ń gbè é. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù, ó gbé àga sábẹ́ ibòji, ó ní awakọ̀ tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí bá kàn kó súnmọ́ òun. Kí wọ́n tó já ẹrù tán, àwọn mẹ́rin ti tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń pe bíréèkì.